Ọ̀já Ilé Ìyá Misturat

Ògiri náà kò pariwo. Ó kàn là ni, láti ẹsẹ̀ fèrèsé títí dé òkè, bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ fà á, eruku pupa sì tú jáde nínú rẹ̀, ó bo ẹ̀rọ, ó bo tábìlì, ó bo ojú àwọn mẹ́ta tó dúró tì í.

"Pa á! Fẹ́mi, pa á!"

Olúfẹ́mi pa ẹ̀rọ. Pèpéle onírin tí wọ́n mọ ògiri náà lé lórí, èyí tí wọ́n ń fi iná jẹnẹrétọ̀ gbọ̀n bí ilẹ̀ ṣe ń gbọ̀n nígbà ìmìtìtì, fà díẹ̀ sọ́tùn-ún, ó fà díẹ̀ sósì, ó dúró. Ìta dákẹ́. Àwọn àpáta Ṣakí jókòó yí àtíbàbà páànù wọn ká bí àgbà tó wá wo ẹjọ́. Ìṣẹ́jú àáyá méjìlélógún péré. Ìṣirò wọn ní kí ògiri náà fara da àádọ́rùn-ún.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Fàsásì, olórí ẹgbẹ́ ìwádìí náà, yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú, bí ẹni pé awò ló la ògiri. Waheedat ti kúnlẹ̀. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ inú ẹgbẹ́ náà. Oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ku oṣù mẹ́ta. Ó fi ọwọ́ gbá amọ̀ kúrò lójú ibi tó là, ó sì fa ọ̀já tó wà nínú rẹ̀ jáde.

Ọ̀já ni wọ́n ń pè é. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti hun ún, lórí òfì tí wọ́n fi ń hun aṣọ òkè, àmọ́ òwú kọ́ ni wọ́n fi hun ún. Àpò ajílẹ̀ táwọn àgbẹ̀ ti lò dànù ni wọ́n tú ní fọ́nrán fọ́nrán, tí ahunṣọ wá hun di ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n á fi wé ògiri amọ̀ nínú lóde, wọ́n á wá rẹ́ ẹ bò. Bí ilẹ̀ bá mì, amọ̀ lè là, ọ̀já kò ní jẹ́ kó wó lé onílé lórí. Bí obìnrin ṣe ń pọn ọmọ ni wọ́n ṣe ń pọn ilé. Ilé mọ́kànlá ni wọ́n ti pọn bẹ́ẹ̀ ní Ìwéré-Ilé, èèyàn sì ń gbé inú wọn.

Èyí tó wà lọ́wọ́ Waheedat ti já. Kò já wúruwùru. Orí ìlà kan ṣoṣo ni gbogbo fọ́nrán rẹ̀ ti já lẹ́ẹ̀kan náà, ìrù kékeré kan sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tó ká kò bí ìwo ọmọ àgbò.

"Kí nìyẹn?" Fàsásì béèrè.

"Kókó ni, sà. Ibi tí wọ́n ti so fọ́nrán mọ́ra."

"Kókó? Nínú ọ̀já wa?"

Olúfẹ́mi, tó ń darí ẹ̀rọ, rẹ́rìn-ín. Ó ti bá ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta ṣiṣẹ́, kò sì bẹ̀rù ìkankan nínú wọn. "Ọ̀gá, àpò ajílẹ̀ kò gùn ju apá méjì lọ. Ọ̀já gùn tó apá mẹ́jọ. Àbí ẹ rò pé itọ́ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni?"

Fàsásì kò wo ibi tó wà. Waheedat ló ń wò. "Ìwọ lo ṣe àyẹ̀wò ọ̀já. Ọgọ́fà lo gé. O kọ ọ́ síwèé pé kò sí ìkankan tó já kó tó dé ìwọ̀n. Kókó mélòó lo rí?"

"Mi ò rí ìkankan, sà."

Òótọ́ ni. Irọ́ sì ni.

Fàsásì yọ fóònù. Ẹni tó ń pè ni Kàdírì, ahunṣọ tó hun gbogbo ọ̀já náà, baba Waheedat. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni Kàdírì ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní okùn gígùn, irú èyí tí wọ́n ń ká sórí igi tà. Fàsásì kọ̀. Àpò àlòkù ló dùn ún sọ létí àwọn onígbọ̀wọ́: ìdọ̀tí oko tó di ààbò ilé. Ó dára nínú fọ́tò. "Bàbá, ẹ ṣáà máa fi ìyẹn ṣe é," ló wí nígbà náà, Kàdírì sì fi ṣe é.

"Sàláámù àléékùm, Ọ̀gá wa," ni ohùn Kàdírì wí lórí fóònù, ó lọ sókè tí gbogbo wọn fi ń gbọ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ògiri ńkọ́?"

"Bàbá, ògiri ti là. Ẹ so kókó sínú ọ̀já."

Ẹ̀rín ni Kàdírì kọ́kọ́ fi dá a lóhùn. "Ọ̀gá, ta ló ń hun láìso kókó? Bí òwú bá tán, à á so òmíràn mọ́ ọn. Àpò tẹ́ ẹ kó fún mi, gígùn kan náà ni gbogbo ẹ̀. Ìgbà tó bá tán, ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń tán. Mo sì fi ojú rẹ̀ pamọ́ dáadáa. Aṣọ tí kókó rẹ̀ yọ síta, ta ni yóò rà á? Ẹ̀yin gan-an lẹ yìn mí pé ó ń dán."

"Ẹ ò sọ fún wa."

"Ohun tẹ́ ẹ máa fọwọ́ kàn, kí ni mo tún fẹ́ máa sọ? Ṣebí Waheedat wà níbẹ̀."

"Waheedat gé ọgọ́fà fún àyẹ̀wò. Ó lóun ò rí kókó kankan."

Lórí fóònù, wọ́n ń gbọ́ ọ̀kọ̀ àwọn ahunṣọ yòókù tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí òfì, kà, kà, kà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Waheedat wà tí baba rẹ̀ ti máa ń fi gèlè ìyá rẹ̀ di í lójú, tí á ní kó fi ìka wá kókó nínú aṣọ kí oníbàárà tó dé. Kò sí èyí tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ní gbogbo agbo ilé wọn, òun ni wọ́n máa ń pè bí ojú àgbà bá ti kọ̀.

"Ẹ̀bi mi ni, Ọ̀gá," Kàdírì wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ti lọ sílẹ̀. "Èmi ni mo tàn yín. Ẹ má bá ọmọ yẹn wí."

Fàsásì ti fóònù bọ àpò. "Ẹ̀yin náà ti gbọ́. Ó ti jẹ́wọ́."

"Baba mi kò tan ẹnikẹ́ni, sà."

"Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́." Ó sì bọ́ síta láti lọ pe àwọn onílé ní Ìwéré-Ilé.

Olúfẹ́mi sún mọ́ Waheedat. "Ìwọ ọmọ yìí. O mọ̀, àbí o ò mọ̀?"

Waheedat ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ọyẹ́ ló ń fẹ́ lọ́jọ́ tó jókòó pẹ̀lú àlùmọ́gàjí, tó ń gé ọ̀já fún ẹ̀rọ tó ń fa nǹkan títí yóò fi já. Ẹ̀rọ náà kéré, èyí tó bá gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ kì í wọ inú rẹ̀. Waheedat na ọ̀já sórí itan, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ. Ibi tó bá gún un lọ́wọ́, á fò ó. Á gé èyí tó dán. Kò rò ó. Ọmọ ahunṣọ ni, kò sì sí ọmọ ahunṣọ tí í na ojú kókó sí oníbàárà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ ló ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó dé orí ìkọkànlélógójì, ọwọ́ rẹ̀ fo kókó kan, òun fúnra rẹ̀ sì rí ọwọ́ náà bó ṣe ń fò. Ó dá àlùmọ́gàjí dúró. Ó rò ó pé bí òun bá gé eléyìí, tó bá já, Ọ̀gá á ní kí àwọn padà síbẹ̀rẹ̀: ọdún kan sí i, bóyá méjì. Ó tún rò ó pé kókó baba òun kì í tú. Òótọ́ sì ni, kò tú. Jíjá ló já. Ó fò ó, ó gé èyí tó kàn.

"Ó dáa, má dá mi lóhùn," Olúfẹ́mi wí. "Ohun tí mi ò bá gbọ́, wọn ò lè bi mí. Àmọ́ bàbá yẹn ti gbé ẹrù náà rù. Kò ní oyè kankan tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Pa ẹnu ẹ dé. Oṣù mẹ́ta péré."

"Orúkọ ẹ̀ ńkọ́?"

"Orúkọ wo?"

"Èyí tí wọ́n fi ń ra aṣọ lọ́wọ́ ẹ̀, Bọ̀dá Fẹ́mi. Ahunṣọ tí wọ́n bá ti ní ó ń fi ìbàjẹ́ pamọ́ sínú aṣọ ní Ìsẹ́yìn, kó yáa lọ gbin ẹ̀gẹ́."

"Ẹ̀gẹ́ náà, oúnjẹ ni," Olúfẹ́mi wí, ó sì lọ yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Kí a má parọ́ mọ́ Fàsásì, ọkùnrin náà kò sá. Ilẹ̀ ti mì lẹ́ẹ̀mejì ní Ìwéré-Ilé lọ́sẹ̀ yẹn, mímì kékeré tó ń mú abọ́ fara kan abọ́; àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, kò sì sí ẹni tó mọ ìyẹn tó o nínú ọkọ̀ náà. Ó ní àwọn gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn onílé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Dídé ibẹ̀ kọ́ ló ń dẹ́rù bà á. Ẹni tó máa rí sá sẹ́yìn rẹ̀ bó bá dé ibẹ̀ ló ń wá.

"Kọ ọ́," ló wí láti iwájú ọkọ̀, kò wẹ̀yìn. "Ìwọ ni wàá kà á fún wọn. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni ẹ́, wọ́n á gbọ́ tìẹ."

Waheedat ṣí ìwé lé orúnkún.

"'A kí gbogbo onílé tí a fi ọ̀já pọn ilé wọn. Àyẹ̀wò tí a ṣe láàárọ̀ yìí fi hàn pé ọ̀já náà kò lágbára tó bó ṣe yẹ. Ahunṣọ tí a gbé iṣẹ́ fún, Kàdírì ará Ìsẹ́yìn, so fọ́nrán kéékèèké pọ̀, ó sì fi pamọ́ fún wa.' O ti kọ ìyẹn?"

"Sà, ẹ̀yin lẹ ní kó fi àpò ṣe é."

"Kọ ohun tí mo sọ."

"Ẹ̀yin lẹ yìn ín pé ó ń dán."

"Waheedat." Báyìí ló wá yíjú padà. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Eruku ògiri ṣì wà nínú irun ojú rẹ̀. "Bí orúkọ ẹnì kan bá bàjẹ́, ẹnì kan ni. Bí orúkọ ẹgbẹ́ wa bá bàjẹ́, láti ibí títí dé Kìṣí, kò sẹ́ni tó máa tún jẹ́ ká fọwọ́ kan ògiri òun. Lọ́jọ́ tí mímì ńlá bá wá dé, ta lo máa sọ fún pé baba ẹ ò jẹ̀bi? Òkú?"

Ohun tó korò níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Wọ́n kọjá Tẹ̀dé. Oko tí wọ́n ti sun dúdú lọ títí lápá ọ̀tún, ebè tuntun wà lápá òsì, òjò àkọ́rọ̀ sì ń ṣú bọ̀ lókèèrè. Waheedat kọ ọ́. Kàdírì ará Ìsẹ́yìn. Yàtọ̀ sí fọ́ọ̀mù ilé-ìwé, kò kọ orúkọ baba rẹ̀ sínú ìwé kankan rí.

Ìyá Misturat ló kọ́kọ́ gbà kí wọ́n pọn ilé òun ní Ìwéré-Ilé. Àwáwù ni orúkọ rẹ̀, opó tó ń ṣòwò kajú, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tó fi ń là á lọ. Abẹ́ igi kajú iwájú ilé rẹ̀ ni àwọn onílé kó ara wọn jọ sí. Ó rí ọkọ̀ wọn, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pọn ilé mi tí kò sunkún mọ́!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Fàsásì gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, ẹ ò sí ńlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," Àwáwù ń bá a lọ. "Ilẹ̀ gbọ̀n, gbogbo àdúgbò sáré bọ́ síta, ẹlòmíràn ò rántí ìró. Èmi jókòó sínú yàrá ńlá mi, mò ń ṣa kajú. Mo ní kí Misturat àtàwọn ọmọ ẹ̀ padà wọlé, mo ní kí ni wọ́n ń sá fún? Ilé tó wà lẹ́yìn ìyá ẹ̀!"

Yàrá ńlá. Yàrá méjì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ògiri amọ̀ tó nípọn ló là á láàárín. Ẹgbẹ́ ìwádìí ló sọ fún Àwáwù pé kó wó ògiri àárín náà bó bá ń fẹ́ àyè, pé ọ̀já á gbé òrùlé. Ìwé àyẹ̀wò Waheedat ni wọ́n gbé e lé.

Ọ̀kadà kan já dé láti ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ mú fìlà lọ́wọ́, eruku ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di pupa. Kàdírì kí àwọn èèyàn, ó jókòó sórí gbòǹgbò kajú lẹ́yìn pátápátá, bí àlejò tí kò fẹ́ kí wọ́n tọ́jú òun.

Waheedat sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Bàbá mi, ta ló pè yín?"

"Ta ló máa pè mí? Ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ bú mi, ṣé kí n má jókòó síbẹ̀ ni? Ọ̀gá ẹ ti fún ẹ níwèé?"

"Ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀."

"Mo mọ̀. Kò sí ohun mìíràn tó lè kọ. Kà á, kí n dìde sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ká máa relé."

"Bàbá, èmi ni mo…"

"Mo mọ ẹni tó ṣe é." Kò gbóhùn sókè. "Ta ló kọ́ ìka yẹn? Wọ́n ní o ò rí ìkankan, mo sì ti mọ̀ nígbà náà. Ọmọ kan ni mo ní ní yunifásítì, Waheedat. Mi ò ní jẹ́ kó já sọ́wọ́ mi nítorí àpò ajílẹ̀. Dìde. Lọ kà á."

Ó dìde. Fàsásì ti ń wúkọ́, ó ti kí wọn tán, ó sì na ọwọ́ sí i níwájú gbogbo èèyàn bí ẹni ń pe olórin jáde. Waheedat kà á. Ó kí gbogbo onílé. Ó sọ pé ọ̀já kò lágbára tó bó ṣe yẹ, kíkùn sì gba abẹ́ igi. Ó dé ibi tó kàn. "Ahunṣọ tí a gbé iṣẹ́ fún," ló kà, ó sì dúró.

Baba rẹ̀ ti ń dìde.

"Kókó wà nínú ọ̀já," Waheedat wí, kò wo ìwé mọ́. "Ibi kókó ló ti ń já. Ẹni tó hun ún kò tan ẹnikẹ́ni, báyìí ni wọ́n ṣe ń hun aṣọ, okùn gígùn ló sì tọrọ, wọ́n fún un ní àpò. Èmi ni mo gé ọ̀já fún àyẹ̀wò. Mo fọwọ́ kan kókó. Mo fò ó. Mo gé ibi tó dán, mo wá kọ ọ́ síwèé pé bí gbogbo ẹ̀ ṣe rí nìyẹn."

"Irọ́ ni!" Kàdírì pariwo láti ẹ̀yìn. "Ó ń gbèjà mi ni! Ẹ̀yin èèyàn, èmi ni, èmi ni mo fi pamọ́!"

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀," Fàsásì wí. "Ẹgbẹ́ wa ló gba iṣẹ́ yìí, ẹ̀bi kan lè wà lọ́rùn tiwa náà, àmọ́…"

"Ẹ má dá a lóhùn, Ọ̀gá, èmi ni!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ó tó!"

Àwáwù ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti bọ́ sí àárín wọn, ó káwọ́ sẹ́yìn. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹ wò bẹ́ ẹ ṣe ń jà du ẹ̀bi bí ẹni ń jà du ogún. Ìkan ní tòun ni, ìkejì ní tòun ni, ọ̀gá pátápátá ní kí wọ́n bù díẹ̀ fóun. Ẹ lọ pín in nílé yín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́. Ògiri àárín tẹ́ ẹ ní kí n wó, mo ti wó o. Ilé mi tí ò ní in mọ́ yìí, bí ilẹ̀ bá tún mì, ṣé ó lè dúró?"

"Ìyá, a máa ṣe ìṣirò ẹ̀," Fàsásì wí. "Bó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ méjì…"

"Lálẹ́ òní ni mò ń bi yín, Ọ̀gá."

Fàsásì wo ilé náà. Ó wo fèrèsé tuntun rẹ̀, èyí tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, èyí tí òun fúnra rẹ̀ fi ẹfun sàmì sí ojú ògiri kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. "Mi ò lè sọ pé ó lè dúró," ló wí.

"Ó dáa. A dúpẹ́."

Kò sí èébú. Èébú ni Waheedat ti ń retí, ó ti múra sílẹ̀ dè é. Kódà ó ti ń rò ó láti Tẹ̀dé pé bí wọ́n bá bú òun tó, bóyá ara á tu òun. Àwáwù kàn wọlé ni. Nígbà tó jáde, ó gbé ẹní kan tí wọ́n ká sábẹ́ apá, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ igi, ó padà wọlé. Àwọn onílé yòókù wo ara wọn. Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gba ọ̀nà ilé wọn lọ, wọ́n ń yára, wọ́n ń wo ojú ọ̀run tó ti ṣú.

Fàsásì gba ìwé lọ́wọ́ Waheedat, ó ká a sí mẹ́rin. "Lọ́jọ́ Ajé, má wá," ló wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó lọ jókòó sínú ọkọ̀. Olúfẹ́mi tẹ fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó wo Waheedat bóyá ó máa wọlé, ó mi orí, ó sì wa ọkọ̀ lọ.

Kàdírì dé fìlà rẹ̀. Waheedat lọ bá a, ó ń wá ojú rẹ̀, kò sì rí i.

"Mo ti dá orúkọ yín padà fún yín, Bàbá."

"Ta ló ní kí o dá a padà?" Kàdírì wí. "Mo ti fún ẹ. Ohun tí mo ní nìyẹn, mo sì fún ẹ, o wá dà á sílẹ̀ níwájú àwọn èèyàn." Ó kọjá lára rẹ̀, ó wọ inú ilé lọ ran Àwáwù lọ́wọ́, nítorí ó gbọ́ tí nǹkan wúwo kan ń wọ́ nílẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Wọn kì í sọ ohun tí òtítọ́ máa ń ṣe lẹ́yìn tó bá bá a tán. Waheedat dúró lábẹ́ igi kajú. Ẹ̀kán òjò kan bọ́ sórí ẹní tí Àwáwù tẹ́, ìkejì tẹ̀ lé e. Láti àárọ̀ ni ó ti ń gbé orúkọ kan kiri, láti Ṣakí dé ibí, bí ẹni gbé ẹyin: orúkọ Kàdírì, kó má fọ́. Ó ti jiyàn nítorí rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ti fi oyè rẹ̀ rà á padà. Ní gbogbo ọ̀nà yẹn, orúkọ kan ṣoṣo ni. Àwọn tí ògiri máa wó lé kò wá sí i lọ́kàn àfi bí ẹlẹ́rìí.

Àwáwù tún jáde, ìkòkò lórí, ẹní lábẹ́ apá.

"Ìyá Misturat," Waheedat wí. "Ẹ̀yin mélòó lẹ ń sùn nínú ilé yìí?"

Àwáwù dúró. Ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ọdún méjì lẹ fi wá síbí. Ẹ wọn fèrèsé, ẹ wọn ilẹ̀kùn, ẹ wọn nínípọn ògiri, ẹ wọ yàrá mi ẹ wọn igun ibi tí mo ń kó aṣọ ìdọ̀tí sí. Lónìí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kà wá?"

Ó kọjá lọ. Misturat jáde tẹ̀ lé e, ọmọ kan ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, ẹní méjì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá arúgbó kan tí Waheedat kò rí rí yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ tá ògiri, Kàdírì dì í lápá mú, ẹní tirẹ̀ wà léjìká Kàdírì. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, olúkúlùkù pẹ̀lú tirẹ̀.

Waheedat kò béèrè mọ́. Ó ń ka ẹní. Ó ti ka mẹ́sàn-án, wọ́n sì tún ń kó o jáde bọ̀.